Ẹsẹ Gígùn Tí Èémí Mi Ò Ká Mọ́

Tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé egungun rírọ̀ ara yín ló ń wú, àti pé ó ti dé ọ̀nà èémí yín, mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe báyìí. Ẹ ti jókòó ti fóònù, ẹ ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó ti ní i rí, tó sì ṣì wà láàyè. Èmi náà wá a títí. Àwọn tí mo rí jìnnà sí mi, èdè wọn kì í ṣe èdè mi, wọn ò sì mọ bí ilé wa ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Minna ni mo ń gbé, mo wà láàyè, mo sì ń mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Màá sọ ohun kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹni mímọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú àìsàn mi kì í ṣe ìrora. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù pọ̀ níbẹ̀. Owú ni. Mo jowú gbogbo ẹni tó ń mí láìronú nípa rẹ̀. Mo jowú obìnrin tó ń dín iṣu nítòsí ilé wa, tó ń kọrin bó ṣe ń dín in. Mo jowú ọmọ tó ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, torí ẹni tó bá lè ké tó bẹ́ẹ̀ ní èémí nípamọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé aláìsàn máa ń jowú, torí náà mo rò pé èmi nìkan ni mo burú báyẹn. Tó bá ń ṣe ẹ̀yin náà, a ti di méjì.

Orúkọ mi ni Rùkáyátù. Alfa ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n sì ní ilé-kéwú kan níwájú ilé wa ní Dutsen Kura, lábẹ́ igi dongóyárò. Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Kure. Ọmọ méjì ni àwa tó kù sílé: èmi, àti àbúrò mi Sàúdátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sàúdá. Yaya ni òun ń pè mí, bí àwọn ọmọ Hausa àdúgbò wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, torí Minna la bí wa sí, èdè Hausa la sì kọ́kọ́ fi bára wa jà.

Nílé bíi tiwa, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìṣe wòlíìmọ̀. Lọ́jọ́ náà, á wọ aṣọ funfun, á jókòó níwájú àwọn alfa àti ẹbí, á sì ké lára kéwú tó ti ń kọ́ láti kékeré sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Lójú bàbá mi, ọjọ́ yìí ju ọjọ́ ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ lọ. Sàúdá ló kọ́kọ́ rí ọkọ. Ganíyù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́lé sí Barkin Sale. Èmi ti parí yunifásítì, mo ti sin ìjọba tán, mo sì ti padà sílé láìríṣẹ́, láìrọ́kọ. Kí àwọn ènìyàn má baà máa wò mí bákan, Bàbá ní àwa méjèèjì la máa jọ ṣe wòlíìmọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Inú mi dùn sí i gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí bí n kò bá sọ ọ́, ìyókù ò ní yé yín.

Sàúdá rẹwà jù mí lọ. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Tó bá wọ yàrá, àwọn ènìyàn á gbàgbé ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní èémí. Nínú kéwú, a kì í mí níbi tó bá ṣáà ti wù wá. Àwọn ibi tí a lè dúró wà, àwọn ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dúró náà wà, kí ìtumọ̀ má baà já. Tí èémí bá tán lójú ọ̀nà, èèyàn á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà mú, kó tó máa lọ. Ẹsẹ gígùn kan wà tí Bàbá fẹ́ràn. Nínú gbogbo ilé-kéwú wa, èmi nìkan ni mo máa ń fi èémí kan ṣoṣo ké e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sàúdá gbọ́dọ̀ mí láàárín. Tó bá ti mí, Bàbá á ní, "Tún un mú," èmi á sì wolẹ̀ kí wọ́n má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí òun ò ní nìyẹn.

Etí ló kọ́kọ́ ṣe mí. Màmá mi ra yẹtí oríṣi kan náà fún àwa méjèèjì ní ọjà Kure, pé ká fi ṣe wòlíìmọ̀. Kò pẹ́ tí mo wọ̀ ọ́ wò tí etí mi ọ̀tún fi wú. Ó pọ́n bíi tàtàṣé, ó gbóná, n kò lè jẹ́ kó kan ìrọ̀rí. Lójú gbogbo wa, yẹtí ló fà á. Màmá mi bọ́ ọ kúrò, wọ́n fi òrí pa etí náà, wọ́n sì mú mi padà lọ bá ọkùnrin tó ta yẹtí. Wọ́n sọ fún un pé góòlù irọ́ ló tà fún àwọn, pé ó ti ba etí ọmọ àwọn jẹ́. Ọkùnrin náà wo etí mi ọ̀tún, ó yí orí mi, ó wo ti òsì tí kò ṣe nǹkan kan.

"Haba, Hajiya," ló wí, "ṣé etí kan ṣoṣo ni yẹtí tèmi máa ń bá jà ni?"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, màmá mi gba owó wọn padà. Sàúdá ò dá tirẹ̀ padà ní tiẹ̀. Yẹtí kan náà, ọjà kan náà, ìyá kan náà, etí tirẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ibẹ̀ ni owú ti wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣìnà. Òkè etí mi ló wú, ibi líle tí èèyàn lè ká. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀, níbi tí ihò yẹtí wà gan-an, kò wú, kò pọ́n, kò sì dùn mí. Gbogbo wa la fi ojú rí i. Kò sẹ́ni tó rò ó débì kan.

Etí náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. A dúpẹ́. Nígbà tó yá, ti òsì wú, ó sì tún wálẹ̀. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ojú mi ń pọ́n. Tí mo bá fọ ojú, tí ọwọ́ mi bá kan igi imú, ńṣe ni omi á dà lójú mi. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, èmi tí mo máa ń rò pé àìsàn ńlá ni orí fífọ́, torí náà nígbà tí àìsàn ńlá dé lóòótọ́, àwọn ará ilé ti gbọ́ ariwo mi sú. Màmá mi ní ìrònú àìríṣẹ́ ni. N kò bá wọn jiyàn. Èmi náà rò pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀ ni ohùn mi há. Iwájú ọ̀fun mi ń dùn mí tí mo bá fọwọ́ kan gògóńgò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó lórí ẹní níwájú Bàbá, èmi àti Sàúdá, à ń múra wòlíìmọ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ gígùn yẹn. Èémí mi tán kí n tó dé òpin. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Bàbá gbé ojú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tún un mú." Mo tún un mú. Ó tún tán.

Ẹ má bínú sí bàbá mi. Olùkọ́ ni wọ́n, ohun tí olùkọ́ mọ̀ ni wọ́n fi wò mí. Wọ́n rò pé fóònù ló gba ọkàn mi, pé mo ti fi ìdánrawò sílẹ̀. Wọ́n wá ní kí n máa jí bá àwọn lẹ́yìn ìrun àsùbáà lójoojúmọ́, kí n máa gbé èémí gùn. Wọ́n á ní kí n fa èémí sínú, kí n dì í mú, kí n tú u díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Àyà mi á máa lù kìkì. Tí mo bá fà á sínú, ohùn kan á máa dún lọ́fun mi, fíìì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n rò pé mò ń fa èémí pẹ̀lú ìwàdùwàdù. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè fà á jẹ́jẹ́. Bí ọ̀nà èémí mi ṣe ń há lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ là ń fi ẹ̀kọ́ tọ́jú rẹ̀, tí Bàbá ń sọ pé n kò ṣe tó, tí èmi náà sì gbà pé n kò ṣe tó.

Láàárín ìgbà yẹn ni Sàúdá fi èémí kan ṣoṣo ké ẹsẹ náà parí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Bàbá ní, "Máà ṣáà Allah," wọ́n sì fọwọ́ kàn án lórí. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ó fẹ́ kí n bá òun yọ̀. N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Ó dà bíi pé ó yọ èémí náà kúrò nínú mi, ó sì fi í sínú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Mo kàwé, mo mọ̀ pé èémí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jí. Ṣùgbọ́n mo wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò láìsí wàhálà, mo sì fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Nígbà tí n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró mọ́, gbogbo ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mi. Bàbá kọ kéwú sára wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n fún mi mu. Màmá mi ra òróró kóró dúdú tí wọ́n ń pè ní habbatu sauda, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ìyá Òkè, ẹ̀gbọ́n màmá mi, wá láti Ìlọrin pẹ̀lú ìgò àgbo. Àwọn ló pe màmá mi sí ìdáná, tí wọ́n ní kí wọ́n ronú dáadáa, ìgbà wo ni àbúrò ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ́kọ tí ara ẹ̀gbọ́n á sì máa le? Mo gbọ́ ọ láti yàrá. Màá sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é, á jẹ́ pé èmi kọ́ ni ara mi kọ̀. Ṣùgbọ́n Sàúdá ló ń gbé omi ìwẹ̀ mi, Sàúdá ló ń to ìrọ̀rí sí mi lẹ́yìn kí n lè sùn ní ìjókòó. Owú mi pọ̀, àmọ́ kò fọ́ mi lójú.

A lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí mọ bí ó ṣe rí: ẹ ti gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ gba káàdì, kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ máa sún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni iwájú bá ṣe ń dìde. Gbogbo ẹni tó bá kọjá á ní "Sannu, Allah ya ba da lafiya," pé ẹ pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, ẹ̀yin náà á dáhùn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn fúnra rẹ̀ ń gba èémí. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ní táífọ́ọ̀dù. Ó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, ó mọ ohun tó fà á, ó mọ ìgbà tí á tán. Mo jowú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ń wúkọ́ níwájú wa, ikọ́ tó lágbára, tó ń mi gbogbo bẹ́ǹṣì. Mo jowú ikọ́ rẹ̀, torí tèmi kò lágbára láti jáde mọ́.

Wọ́n ní ikọ́ fée ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní asthma. Wọ́n fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti ní orúkọ tí mo lè sọ fún àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ ló sì ní i, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ. Mo ń fín in, mo ń fín in, kò yí nǹkan kan padà. N kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, torí n kò fẹ́ kí wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí wòlíìmọ̀, Ìyá Òkè ní kí n gba oru ewé sára. Wọ́n gbé ìkòkò gbígbóná síwájú mi, wọ́n da aṣọ bò mí. Ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọ̀nà èémí yín bá ti há, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da aṣọ bò yín. Mo fa oru náà sínú, ikọ́ gbá mi mú, ọ̀fun mi sì pa dé. N kò lè pariwo. Ẹsẹ̀ mi ló ta ìkòkò nù tí wọ́n fi mọ̀. Bàbá gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, Sàúdá di orí mi mú sókè, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń tẹ fèrè, ó ń ní "Sannu, sannu" fún mi bí ẹni tí ń tu ọmọ nínú.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin kan, ọmọ Nupe, kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, mo ti jowú bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́ gaara. Èdè Hausa ni gbogbo wa ń sọ nínú yàrá náà, èmi kàn ń kọ ọ́ ní Yorùbá ni. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ara mi sì rọlẹ̀ díẹ̀. Etí mi òsì tún ti wú nígbà yẹn. Dókítà náà dúró tì mí, ó ń wò ó. Màmá mi yára sọ fún un pé yẹtí ló bà á jẹ́ lọ́jọ́sí. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ rírọ̀ náà, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo mi orí pé rárá. Ó fọwọ́ kan òkè, mo sì fà sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan igi imú mi, mo tún fà sẹ́yìn.

Ó wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni èémí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Màmá mi ní oṣù tó kọjá. Bàbá ní òwúrọ̀ yẹn ló le, nígbà oru ewé, pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àìṣe ìdánrawò ni. Èmi ò lè sọ̀rọ̀. Mo rí i pé dókítà náà fẹ́ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé tó bá kọ ọ́, orúkọ ikọ́ fée ni wọ́n á tún fi rán mi padà sílé. Ẹ̀rù bà mí ju ti inú oru lọ.

"Kì í ṣe oṣù tó kọjá," Sàúdá wí.

Gbogbo wa wò ó. Ó ń wo ilẹ̀. Ó sọ pé kí ààwẹ̀ tó dé, èmi a máa ké ẹsẹ gígùn náà dé òpin. Lẹ́yìn ìtúnu, mò ń dúró ní ọ̀rọ̀ kan nítòsí òpin, ó sì pe ọ̀rọ̀ náà fún dókítà. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò àsùbáà, mo ti padà sí ààrin, ó tún pe ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò dé ààrin mọ́. Ó ní láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kódà àwọn ọjọ́ tí mo ní ara mi yá.

Dókítà náà jẹ́ Mùsùlùmí, ó mọ ẹsẹ náà. Mo rí ètè rẹ̀ bó ṣe ń ké e lábẹ́ èémí, tó ń dúró níbi tí Sàúdá sọ, tó ń padà sẹ́yìn. Ó bi Sàúdá pé báwo ló ṣe rántí gbogbo èyí.

"Mo máa ń ṣọ́ ọ ni," Sàúdá dáhùn. "Láti kékeré. Mo fẹ́ mọ ibi tí Yaya á ti mí, kí èmi náà lè kọjá ibẹ̀." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Inú mi ń dùn bó ṣe ń kúrú. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú wọn. Èmi tí mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, tí mo ti rò pé èmi nìkan ni mò ń jowú nínú ilé yẹn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìbínú. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun kan wà lára mi tí Sàúdá ti fẹ́ rí.

Dókítà náà ṣàlàyé pé ikọ́ fée máa ń le, á sì tún dẹ̀. Èémí ẹni tó ní i máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Èyí tó ń kúrú ní ọ̀nà kan ṣoṣo láìpadà, tí etí líle ń wú tí rírọ̀ kò sì wú, tí imú ń dùn, ohun mìíràn ni. Ó ní òun ò rí i rí, òun kàn kà nípa rẹ̀ ni. Ó ní egungun rírọ̀ ló wà lókè etí, òun ló wà nínú imú, òun náà ló sì di ọ̀nà èémí mú kó má baà pa dé, irú èyí tó ń dún kàkà lẹ́nu tí a bá ń jẹ ẹran. Ara mi ló ń bá egungun rírọ̀ ara rẹ̀ jà. Ìsàlẹ̀ etí kò ní egungun, ìdí nìyẹn tí kò fi wú. Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ sí Àbújá nìyẹn.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ Àbújá gùn. Wọ́n ya àwòrán ọ̀fun mi nígbà tí mo fa èémí sínú àti nígbà tí mo tú u síta. Dókítà ibẹ̀ fi hàn mí: tí mo bá ń mí, ọ̀nà náà ń pa pọ̀ bíi sírọ́ọ̀ tí ọmọdé fà lágbára jù. Wọ́n ní àwọn á fi oògùn líle mú wíwú náà wálẹ̀ ná, tí kò bá tètè ṣiṣẹ́, àwọn á ní láti lu ihò sí mi lọ́fun kí n lè máa gba ibẹ̀ mí. Màmá mi ní ẹnikẹ́ni ò ní dá ọmọ àwọn lọ́fun. Bàbá ní ẹni tó ń mí ló lè ké kéwú, kí wọ́n lù ú tó bá pọn dandan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí Bàbá fi ohun kan ṣáájú ohùn mi. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Wọn ò lu ihò.

Owó tí mo ná pọ̀. Màlúù tí wọ́n fẹ́ pa fún ìgbéyàwó Sàúdá di àgbò. Sàúdá tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ wòlíìmọ̀ síwájú dè mí, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlọrin ti wà lọ́nà, Bàbá ò gbà. Èmi sọ lórí fóònù pé kí wọ́n má sún un, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọkàn mi fẹ́ kí wọ́n sún un. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ náà kí n lè gbọ́. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nímú. Sàúdá dé ẹsẹ gígùn náà, ó sì fi èémí kan ké e já, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ayọ̀ nìkan ló yẹ kí aláìsàn ní fún àwọn ẹlòmíràn. Mo jowú rẹ̀ títí fóònù fi kú. Lẹ́yìn náà mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi fi í sí iná, kí n lè tún pè é, kí n sì kí i.

Nígbà tí mo padà sí Minna, oògùn ti wú ojú mi. Àwọn ènìyàn ń sọ lọ́jà pé Rùká ti sanra, ó dà bíi pé ó ti ríṣẹ́. Ó wù mí láti sọ oògùn náà nù. Ẹ má ṣe é. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró lójijì, bó ti wù kí dígí burú tó, dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ki ohunkóhun bọ̀ yín lọ́fun, tàbí kí wọ́n fi oògùn mú yín sùn fún iṣẹ́ abẹ kankan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọ̀nà èémí yín kò lágbára. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín.

Bàbá ò tọrọ àforíjì fún àwọn òwúrọ̀ yẹn, n kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan wọ́n pè mí sí abẹ́ dongóyárò, wọ́n ṣí ojú ìwé sí ẹsẹ gígùn náà, wọ́n fi ìka wọn sí àwọn àmì kéékèèké tó wà lókè àwọn ọ̀rọ̀, tó ń sọ ibi tí èèyàn lè dúró sí.

"Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí," wọ́n ní. "Ìwọ lò ń sáré kọjá wọn. Mí síbí."

Mo mí síbẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa bọ̀." Báyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun, pẹ̀lú èémí kúkúrú, láìsí pé ìtumọ̀ kan já. Mo ṣe wòlíìmọ̀ tèmi lábẹ́ igi yẹn, níwájú ìwọ̀nba ènìyàn. Ohùn mi há, mo sì dúró púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo dúró sí ló tọ́.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Igi imú mi ti rì díẹ̀. Ohùn mi ò padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mò ń lo oògùn, mo sì ń lọ sí Àbújá nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá. Mò ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, mo kàn ń sinmi láàárín ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ilé-kéwú, àwọn náà sì ti mọ̀ pé kí wọ́n dákẹ́ tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù ń bà mí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí mò ń fetí sí ọ̀fun mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Owú náà ò tíì lọ. Mo ti wá mọ̀ pé kò dìgbà tó bá lọ kí n tó lè fẹ́ràn ẹni tí mò ń jowú.

Sàúdá wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Barkin Sale. Oyún rẹ̀ ti ga dé igbá àyà, ìgbà tó dé orí àga ó ń mí bí ẹni tó ti sáré wá. Bàbá ní ká ké ẹsẹ gígùn yẹn fún àwọn, pé ó ti pẹ́. A bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Mo dúró níbi àmì àkọ́kọ́, mo mí, mo sì ń bá a lọ. Sàúdá kọjá àmì náà bó ṣe máa ń kọjá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Èémí rẹ̀ já láàárín ọ̀rọ̀, níbi tí kò sí àmì kankan. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín.

"Tún un mú," mo wí.

Ó ju ìrọ̀rí lù mí. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó dúró dè mí, a sì tún un mú.